Ojú Ọmọ Wa àti Ọwọ́ Wa

Àwòrán pélébé mẹ́rin kan wà nínú àpótí ìwé wa ní Àjàṣẹ́ tí a kò lò rí. Ọmọbìnrin wa ni ó wà nínú wọn, ní ọdún tí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BEPC, tí a sì nílò àwòrán láti fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ayàwòrán náà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó rí ojú ọmọ náà, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ pa gbogbo irorẹ́ àti àpá ibẹ̀ rẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ojú náà wá ń dán bí abọ́ tánganran. Ọmọ wa gba àwòrán náà, ó wò ó títí, ó ní: «Ta ni èyí?» Kò sunkún. Ó kó wọn lé wa lọ́wọ́, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Àwa méjèèjì tí a bí i ni a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́, èkejì ń ta aṣọ ní ọjà Ouando. A kì í ṣe oníṣègùn. Ọmọ náà ti ka ohun tí a kọ, ó sì gbà kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, ó kàn ní kí a má dárúkọ òun. Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀: àpá tí ó wà lójú ọmọ wa lónìí, irorẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ni a parí rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí irorẹ́ àkọ́kọ́ yọ sí iwájú orí rẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí a mọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń kí irorẹ́ àkọ́kọ́: wọ́n á ní ọmọ ti ń di àgbà, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ tètè máa kó aṣọ ìyàwó jọ. Àǹtí rẹ̀ kan tilẹ̀ sọ pé ọkùnrin ni ó ń rò lọ́kàn. Ọmọ ọdún méjìlá! Ọ̀kan nínú wa ti ní irorẹ́ rí nígbà èwe, ó sì lọ láìfi àmì kankan sílẹ̀. Ìyẹn ni a fi ṣe òṣùwọ̀n fún ojú ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu wa: «Yóò lọ fúnra rẹ̀.» A sọ ọ́ fún ọdún méjì ó lé. Bí a bá ronú sí i nísinsìnyí, kì í ṣe irọ́ ni a pa, nítorí pé irorẹ́ a máa lọ lóòótọ́ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá ti kúrò ní ọmọdé. Ohun tí a kò bi ara wa ni ohun tí yóò fi sílẹ̀ kí ó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ni a sì fi mọ. Ìbá sàn bí ó bá jẹ́ pé a káwọ́ gbera. Nítorí a gbà pé ìdọ̀tí ni ó fà á, a ra kànrìnkàn tí ó le, a ní kí ó máa fi ọṣẹ dúdú fọ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó ta á títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, a ní títa tí ó ń ta náà ni ó fi ń ṣiṣẹ́. A fi ọṣẹ ìfọyín sí i lálẹ́. A fòfin de ẹ̀pà jíjẹ nínú ilé, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì ń jìyà ohun tí kò ṣe. Lẹ́yìn náà ni ti ọjọ́ Àìkú. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ojú tí ó mọ́, a máa ń mú un jókòó sábẹ́ iná, a ó sì fi èékánná tẹ gbogbo èyí tí ó bá ti mú ọyún. Bí ọ̀kan nínú wa kò bá ráyè, èkejì a ṣe é. A ń ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́ àti sùúrù, bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ojúlùmọ̀ wa kan mú ìpara kékeré kan wá. Ó ní òun ti fi wo ojú ọmọ tòun sàn. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ojú ọmọ wa jọ̀lọ̀. Gbogbo ohun tí ó wú rọlẹ̀, àwọn àbàwọ́n dúdú ń ṣí, àwọ̀ ọmọ náà sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. A rí i pé ó ń pọ́n. Kí a má purọ́: inú wa kò bàjẹ́ sí i. Àwa tí a máa ń mi orí bí a bá rí àwọn tí ń bóra lọ́jà, tí ìka ọwọ́ wọn dúdú tí ojú wọn sì pupa, àwa náà ni a ń sọ fún ara wa nínú yàrá pé ọmọ yìí ti wá lẹ́wà sí i. Orúkọ oògùn tí ó wà nínú ìpara náà wà lára páálí rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké: clobétasol. Ọ̀kan nínú wa ń fi ìwé kíkà jẹun, síbẹ̀ a kò kà á.

Ní oṣù kẹta, ìpara tán, a kò sì tètè rí òmíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú náà fi ru sókè. Kì í ṣe bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó lọ dé àgbọ̀n, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká. Àwọn kan nínú wọn jinlẹ̀, wọ́n le bí kóró àgbálùmọ̀ lábẹ́ awọ, wọ́n sì ń dun ọmọ náà bí ó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìrọ̀rí. Ọmọ tí ó máa ń jókòó níwájú nínú kíláàsì wá lọ jókòó sẹ́yìn. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ó ń ronú. Nígbà tí ìyàwó ń lọ ní ilé ẹ̀gbọ́n wa, ó ní orí ń fọ́ òun. A mọ̀ pé orí kò fọ́ ọ. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni èyí, pé àrùn tí ń pani wà nílẹ̀. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ẹni tí ó bá tún fẹ́ sọ ọ́ wá bá wa gbé fún ọdún kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ tí ó ti yí jígí yàrá rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ní àsìkò náà ni ìyá bàbá rẹ̀ wá kí wa láti Kétu. Ìyá ní ilà lójú, ilà tí ó gún régé títí di òní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ yòókù ti hunjọ. Ó pe ọmọ náà mọ́ra, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bi í léèrè pé: «Ọkọ mi, ta ni ó ń fọwọ́ kàn án?»

Ọmọ náà wò wá kí ó tó fèsì: «Àwọn ni, Ìyá àgbà. Èmi náà sì máa ń tẹ̀ ẹ́.»

Ìyá kọjú sí wa. «Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wo ojú mi dáadáa. Abẹ ni wọ́n fi kọ èyí. Nígbà tí olóòlà kọ ọ́ tán, omi ìgbín ni ó kán sí i kí ó lè tù mí lára, ó sì kìlọ̀ fún ìyá mi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi lè ṣí èépá rẹ̀ kí ó tó jábọ́ fúnra rẹ̀, ilà yóò dàrú. Wọ́n ń fi aṣọ di ọwọ́ mi lálẹ́ kí n má baà họ ọ́. Ilà tí a fẹ́ kí ó hàn, bí a ti tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ẹ wá ń fi èékánná kọ ọ́ fún ọmọ mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.»

A kò rí èsì fọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni a gbé ọmọ lọ sí Kútọnù, sọ́dọ̀ dókítà tí ń tọ́jú awọ ara.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé ó ti tó ìgbà wo. A ní ọdún méjì àbọ̀. Kò bá wa wí, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Nígbà tí ó gbọ́ orúkọ ìpara, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé oògùn gidi ni clobétasol, ó sì lágbára púpọ̀. Àwọn dókítà ń lò ó fún àwọn àrùn awọ kan, ní ara, fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá ń fi í sí ojú lójoojúmọ́, yóò mú kí ohun tí ó wú rọlẹ̀ nítorí pé ó ń kun ìgbèjà ara lóorun. Ní abẹ́ ìyẹn, awọ ń tín-ín-rín, irorẹ́ tuntun sì ń hù láti ọwọ́ oògùn náà gan-an. Bí a bá wá dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, gbogbo ohun tí ó ti tẹ̀ rì yóò jí pa pọ̀. Ohun tí a rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ó wá sọ ohun tí irorẹ́ jẹ́ fún wa, a sì fẹ́ kọ ọ́ síbí nítorí a ti kọjá ogójì ọdún kí a tó gbọ́ ọ. Ní ìdí ihò irun kọ̀ọ̀kan lójú ni ẹṣẹ́ kékeré kan wà tí ń sun ọ̀rá láti fi mú awọ rọ̀. Nígbà tí ọmọ bá bàlágà, ara rẹ̀ yóò pàṣẹ fún ẹṣẹ́ náà láti sun ọ̀rá púpọ̀ sí i. Awọ tí ó ti kú, tí ó yẹ kí ó ré dànù, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yìí, á sì dí ẹnu ihò. Kòkòrò kan tí ó ń gbé lára gbogbo wa láìṣe wá ní ibi á wá bí sí i nínú ihò tí ó dí, ara á gbógun tì í, ibẹ̀ á wú, á sì mú ọyún. Ìdọ̀tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kódà dúdú tí a ń rí lórí àwọn irorẹ́ kéékèèké kan kì í ṣe èérí. Kànrìnkàn wa kàn ń họ awọ tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀pà náà kò jẹ̀bi, àbúrò rẹ̀ sì ti gbà á padà láti ọjọ́ náà.

Ní ti títẹ̀, ó ya àwòrán ihò kan sórí ìwé fún wa. Bí èékánná bá tẹ irorẹ́, díẹ̀ nínú ọyún á bọ́ síta, èyí ni a rí, tí a sì yọ̀ sí. Ìyókù á fọ́ ògiri ihò náà, á sì bẹ́ sínú ẹran awọ. Ibẹ̀ ni àpá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ojú ọmọ wa, láìfi kàn án, ó fi oríṣi àmì mẹ́ta hàn wá. Àbàwọ́n dúdú ni èyí tí ó pọ̀ jù: awọ dúdú bíi tiwa a máa da aró sí ibi tí ó bá ti wú, aró náà a sì pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ, pàápàá bí oòrùn bá ń pa á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpá, yóò ṣí. Èkejì ni kòtò kéékèèké, níbi tí ìjà náà ti jẹ ìpìlẹ̀ awọ run tí ara kò sì rí i kún padà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó wú sókè, tí ara kún ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó sì lè gbòòrò ju ojú ọgbẹ́ àkọ́kọ́ lọ. A máa wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, ní àgbọ̀n, ní èjìká, ní àyà àti ní ẹ̀yìn. Ọmọ wa ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dókítà ní oògùn wà fún irorẹ́, ó wà fún àbàwọ́n, ṣùgbọ́n fún kòtò, ohun tí ó dára jù ni kí a má jẹ́ kí ó gbẹ́ rárá. Bí irorẹ́ bá ṣe pẹ́ tó láìrí ìtọ́jú ni àpá rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. A wo ibi tí ó kọ «ọdún méjì àbọ̀» sí.

Ohun tí ó fún wa kò nira. Ní òwúrọ̀, peroxyde de benzoyle, èyí tí ó jẹ́ 2,5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ó ní èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ jù ú, títa ni ó fi ń jù ú. Ní alẹ́, adapalène, tí ń jẹ́ kí ihò yé dí. Oògùn oníhóró tí ń pa kòkòrò wà pẹ̀lú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adapalène yìí, ẹyọ kan bí ẹyọ ẹ̀wà ni ó tó gbogbo ojú, a kì í sì tò ó lé orí irorẹ́ ní ẹyọ ẹyọ, gbogbo ojú ni a ń fi í pa, nítorí èyí tí kò tíì yọ ni ó ń dènà. Aboyún kì í lò ó. Oògùn kan wà tí ó lágbára jù gbogbo wọn lọ, isotrétinoïne, tí a ń lò nígbà tí irorẹ́ bá le gan-an tí ó sì ń dápàá. Dókítà ní òun yóò fi í pamọ́ ná, ó sì sọ ìdí rẹ̀ lójú ọmọ náà: ó lè ba ọmọ inú jẹ́ gidigidi, nítorí náà obìnrin kan kò gbọdọ̀ lò ó láìsí àyẹ̀wò àti ìdènà oyún. Ìyókù jẹ́ ìwà: ọṣẹ tí kò le, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọwọ́ lásán láìsí kànrìnkàn, kí a dáwọ́ àdín àti òrí dúró ní etí irun, nítorí wọ́n ń ṣàn sí iwájú orí, fìlà àti ìpara tí ń dènà oòrùn.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa, tàbí kí ó jẹ́ pé a kò gbọ́. Peroxyde de benzoyle a máa pa àwọ̀ aṣọ. Ọ̀kan nínú wa ti fi àńkárá tuntun rán aṣọ ìrọ̀rí mẹ́rin, aṣọ tí ó dára gan-an. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wọn fi ní tóótòòtó funfun bí ẹ̀tù. Ariwo tí ó sọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ará ilé kejì wá bi wá bóyá olè wọlé. Láti ìgbà náà, funfun ni aṣọ ìrọ̀rí ọmọ wa.

Oṣù àkọ́kọ́ burú. Ojú náà gbẹ, ó ń ré, irorẹ́ tilẹ̀ pọ̀ sí i. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé yóò rí bẹ́ẹ̀, pé kí a má ṣèdájọ́ kí ọ̀sẹ̀ kejìlá tó pé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà kó gbogbo oògùn sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. A ṣà wọ́n jáde. A kò bá a wí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ti sọ fún ara wa ní alẹ́ àná rẹ̀. A lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri, a ń fagi lé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa máa ń gé èékánná wa kúrú pa pọ̀, òbí àti ọmọ. Òfin tí Ìyá ṣe kí ó tó padà sí Kétu nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, èyí tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ yọ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó yí jígí rẹ̀ padà. Àwọn àbàwọ́n dúdú gbà tó ọdún kan kí wọ́n tó ṣí. Kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, a máa ń rí gbogbo wọn, a sì mọ àwọn kan nínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A rántí ọjọ́ Àìkú tí a gbẹ́ wọn. Ọ̀kan tí ó wú sábẹ́ àgbọ̀n ti rọlẹ̀, nítorí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ sínú àpá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oṣù kan láàárín ara wọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ẹbí kan náà ni oògùn inú abẹ́rẹ́ yìí àti ìpara tí ó ba ojú jẹ́. Ní ti kòtò, wọ́n ní àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún un, àwọn kan ń gé okùn tí ó fà á mọ́lẹ̀ lábẹ́ awọ, àwọn kan ń lo iná laser, èyí tí ó lè da aró tuntun sí awọ dúdú bí ẹni tí ń lò ó kò bá mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tí ó ń sọ ojú di bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, owó wọn kò sì kéré. A ní kí a tọrọ owó. Ọmọ náà ní kí a fi sílẹ̀, pé bí òun bá ń gba owó oṣù tòun, òun yóò mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ.

Fún ìdánwò BAC, ó lọ ya àwòrán fúnra rẹ̀. Ó sọ fún ayàwòrán kí ó má pa ohunkóhun rẹ́. Ó dára, ó jọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí. Ní oṣù tí ó kọjá, irorẹ́ mẹ́ta yọ sí iwájú orí rẹ̀. Kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú un lọ sọ́dọ̀ apoògùn, ó sì ti yọ àńkárá kúrò lára ìrọ̀rí rẹ̀. Ní alẹ́ àná, a gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti iwájú jígí, a sì gbọ́ bí ó ti gbá a lọ́wọ́, pá!